Pa Á Lẹ́ẹ̀mejì: Bí Mo Ṣe Kọ́ṣẹ́ Lórí Ọkọ̀ Ojú Irin Alágbára Méjì

Ọkọ̀ ojú irin tó ń lo orísun agbára kan ṣoṣo kò ṣòro láti pa. Bí ó bá jẹ́ ti díísù, pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, yọ bátìrì, ó parí. Bí ó bá jẹ́ ti iná mànàmáná, gé e kúrò lára iná, ó parí. Ṣùgbọ́n èyí tó lè lo méjèèjì kì í kú tán nígbà tí o bá pa ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí èéfín ti lọ, kí ara irin ti tutù, síbẹ̀ kí iná 750 fólítì wà lára ohun tí ọwọ́ rẹ fẹ́ kàn. Àtúnṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo kọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ mi níbẹ̀, láti orí nínu eruku títí dé orí dídán ọkọ̀ wò lójú irin, inú ìbéèrè kan ló ti jáde: níbo ni agbára wà báyìí?

Class 73 ni orúkọ ọkọ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́. Orí ọkọ̀ ni, ìyẹn èyí tó ń fa àwọn tó kù. Rélùwéè ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Railways, kọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ní Eastleigh ní 1962. Láàárín 1965 sí 1967, ilé iṣẹ́ English Electric kọ́ 43 mìíràn ní Vulcan Foundry, ní Newton-le-Willows, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 49. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù máa tètè mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ wọn. Níbẹ̀, wáyà kò sí lókè. Irin kẹta ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tí kẹ̀kẹ́ ń gbà, iná sì wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ á na bàtà irin síta, bàtà á máa wọ́ lórí irin kẹta náà, iná á sì máa wọlé.

Ètò yìí dára fún ojú ọ̀nà gbangba. Ṣùgbọ́n ní èbúté, ní ibi ìkẹ́rù, àti ní àgbàlá tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ẹrù, àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn láàárín irin láti so ọkọ̀ pọ̀ àti láti tú u. A kò lè tẹ́ irin oníná sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọkọ̀ eléèdú ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, oṣù Keje 1967 sì ni ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá ní ẹkùn gúúsù. Ohun tí wọ́n wá fẹ́ ni orí ọkọ̀ tó máa jẹ iná irin kẹta níbi tí irin kẹta bá wà, tó sì máa jẹ díísù tó gbé sínú níbi tí kò bá sí.

Lórí irin kẹta, agbára Class 73 jẹ́ ti ẹṣin 1,600. Lórí díísù, 600 péré ni. Àwọn tó kọ́ ọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ ńlá wà lójú ọ̀nà gbangba, irin kẹta sì wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà fún àgbàlá àti fún ìwọ̀nba ọ̀nà tí iná kò dé. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí wọ́n fi sí i jẹ́ irú èyí tí ẹkùn gúúsù ti ń lò nínú ọkọ̀ èrò wọn tó ń jẹ díísù, nítorí náà àwọn fítà ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ni ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo àwa tí a jọ jẹ́ ọmọ ilé ń pè wọ́n. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ fítà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta kí wọ́n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ wọn sì mọ díísù dáadáa. Iná ni wọ́n ní láti kọ́ nígbà tí wọ́n dé, àgbà ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ bí a ti ń kọ́ ènìyàn: wọ́n rántí ibi tó ti ṣòro.

Wọn kò kọ́kọ́ fún mi ní sípánà. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fún mi.

“Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Tọ wáyà yìí lọ, kí o wá sọ ibi tó dé fún mi.”

Láti ẹnu bàtà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà náà gba inú fíúsì kọjá, ó wọ inú ara ọkọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn súìṣì ńláńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, ó kọjá lára àwọn rẹsísítọ̀, ó sì parí sí ara mọ́tò iná tó ń yí kẹ̀kẹ́. Mọ́tò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún áàsì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo jíṣẹ́ tán, Ẹ̀gbọ́n ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí jẹnẹrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì díísù ń yí. Mo tọ wáyà ti ibẹ̀ náà lọ, mo sì bá ara mi nídìí mọ́tò mẹ́rin kan náà.

“Ṣé o ti rí i? Ọ̀nà méjì ni, ilé kan ni wọ́n ń lọ. Bí ọkọ̀ yìí kò bá lọ lórí iná, tí kò sì lọ lórí díísù, má jókòó ti ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni kí o wò. Bí ó bá lọ lórí ọ̀kan tí kò lọ lórí èkejì, fi mọ́tò sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ọ́.”

Ìmọ̀ràn yìí gba àkókò púpọ̀ sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ alágbára kan ṣe gbọ́dọ̀ wá àléébù káàkiri. Ẹni tó ń tún alágbára méjì ṣe ní ohun tó lè fi yẹ ọ̀rọ̀ wò: yí i sí agbára kejì, kí o rí i bóyá àléébù tẹ̀lé e lọ tàbí kò tẹ̀lé e.

Síbẹ̀, mọ́tò tí wọ́n jọ ń lò kò sọ pé bákan náà ni a ṣe ń fún un ní oúnjẹ. Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù nínú ẹ̀kọ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ràn jù. Mọ́tò tó dúró gbọnin máa ń fẹ́ gba iná lọ́nà tó lè jó o. Bí ó bá ti ń yí, òun fúnra rẹ̀ á máa pèsè iná tó ń ti èyí tó ń bọ̀ padà. Bí ó ṣe ń sáré sí i ni ó ń ti i padà sí i, tí ohun tó ń wọlé sì ń mọ níwọ̀n. Irin kẹta kò mọ èyí. Bí ọkọ̀ dúró, bí ó ń sáré, nǹkan bí 750 fólítì ni yóò gbé wá. Nítorí náà rẹsísítọ̀ ni wọ́n fi dí i lójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ohun tí rẹsísítọ̀ gbà dúró á di ooru. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹrù wúwo gbéra tán, o máa mọ̀ ọ́n lára ibi tí wọ́n wà.

Jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀. A lè bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá dín iná kékeré tó ń jí i kù, ohun tó ń pèsè náà á dín kù. Bí a bá fi kún un, á pọ̀ sí i. Nítorí náà lórí díísù, láti ìdí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ ni a ti ń wọn iná fún mọ́tò, a kì í sun ún dànù sínú rẹsísítọ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ní agbára tí kò lè kọjá. Bí mọ́tò bá bèèrè ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè gbé lọ, eré ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, á sì máa rú èéfín dúdú. Ẹ̀gbọ́n máa ń ní kí n dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ́ńjìnnì, kí n sọ fún wọn, láì wo mítà kankan, bóyá ẹrù ti dé bá a. Etí ni wọ́n fi ń kọ́ ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó gbà mí láyè láti fọwọ́ kan nǹkan, ìgbà náà ni mo sì kọ́ ohun tí mo ka sí gbòǹgbò iṣẹ́ yìí. Bàtà wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, nítorí pé irin kẹta máa ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú ọ̀nà. Wáyà kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Bí bàtà kan ṣoṣo bá kan irin kẹta ní ọ̀tún, gbogbo bàtà tó wà ní òsì ti ní iná lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n wà. Àjèjì á wò ó pé irin kẹta kò sí ní ẹ̀gbẹ́ tí òun dúró sí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ikú sì wà níwájú orúnkún rẹ̀.

Torí náà, pípa ọkọ̀ yìí kí a tó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ẹsẹẹsẹ. A ó kọ́kọ́ gé e kúrò lára iná irin kẹta. Lẹ́yìn náà a ó mú mítà, a ó fi dán ibi tí a mọ̀ dájú pé iná wà wò, kí a lè mọ̀ pé mítà náà ń sọ òótọ́. A ó fi wo ara ọkọ̀. A ó tún dá a padà sí ibi tí iná wà, kí a rí i pé kò kú sí wa lọ́wọ́ láàárín. Ẹ̀yìn èyí ni a ó tó kọjú sí apá kejì: a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó gé ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tan án, a ó sì yọ bátìrì, nítorí bátìrì ló ń jí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á fi àgádágodo tirẹ̀ ti ibi tí ó gé, á sì gbé kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí n wọ abẹ́ ọkọ̀ láì gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu mi.

“Irin kẹta ńkọ́?”

“Mo ti gé e, Ẹ̀gbọ́n, mo sì ti fi mítà wò ó.”

“Mítà ńkọ́?”

“Mo dán an wò ṣáájú, mo dán an wò lẹ́yìn.”

“Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?”

“Mo ti pa á. Mo ti yọ bátìrì.”

“Ta ló tún lè tan án?”

“Kò sẹ́ni náà. Àgádágodo mi ló wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi.”

“Ó dáa. O ti pa á lẹ́ẹ̀mejì. Wọlé.”

Àárọ̀, ọ̀sán, òru, bí òjò ń rọ̀ bí yìnyín ń bọ́, bákan náà ni wọ́n ń bi mí. Nígbà tó yá, mo ń bi ara mi kí wọ́n tó la ẹnu. Mo gbà pé ìgbà yẹn gan-an ni mo di oníṣẹ́.

Ìtọ́jú ló tẹ̀lé e. Ẹni tó ń tọ́jú apá iná á máa wo bí bàtà ṣe jẹ sí, nítorí irin ló ń họ irin. Á máa wọn bí ó ṣe ga sílẹ̀ tó, á sì máa wo káábọ́ọ̀nù tó ń fi iná sínú mọ́tò. Eruku káábọ́ọ̀nù yìí ń gbé iná. Bí a kò bá fẹ́ ẹ dànù, yóò la ọ̀nà fún iná níbi tí kò yẹ kí ó gbà. Apá díísù ní tirẹ̀: epo, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, béárìnì. Ohun tí ń kò retí ni pé apá tí wọn kì í sábà lò ni ó ń fẹ́ ìtọ́jú jù. Orí ọkọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà gbangba lójoojúmọ́ lè pẹ́ kó tó nílò ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Omi á máa kóra jọ sínú táǹkì epo láti ara afẹ́fẹ́ tútù, bátìrì á máa rẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá wá lọ ní gbogbo agbègbè, tí èrò wà nínú ọkọ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n máa ń tan án kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Yíyípadà láti agbára kan sí èkejì ni ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn. Nílé wa ní Nàìjíríà, ẹni tó bá so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilé láì fi súìṣì tó ń ya iná ìjọba sọ́tọ̀ sí i lè rán iná jáde sí òpó, kó sì pa òṣìṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà dé bàtà. Súìṣì tó ń gba ti irin kẹta wọlé àti èyí tó ń gba ti jẹnẹrétọ̀ wọlé di ara wọn lọ́wọ́: ọ̀kan kò lè tì bí èkejì kò bá tíì ṣí. Èmi ni mo máa ń wà nínú ọkọ̀ tí mo ń wò wọ́n nígbà tí a bá ń dán an wò. Awakọ̀ á ti tan ẹ́ńjìnnì kí ó tó dé ibi tí irin kẹta parí sí. Lẹ́yìn tí ó bá yí i, fífà á dáwọ́ dúró díẹ̀, súìṣì á dún, ẹ́ńjìnnì á gba ẹrù, ọkọ̀ á sì máa lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dédé, èrò tó wà lẹ́yìn kò ní mọ̀ ju pé ariwo yí padà.

Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ kí n rò pé ohun gbogbo tó bá ní agbára méjì ló dára, torí náà wọ́n sọ ìtàn Class 74 fún mi. Wọ́n ti kọ́ orí ọkọ̀ 24 tó ń lo iná nìkan ní Ashford láàárín 1958 sí 1960. Ẹ̀rọ tó ń yí ní gbogbo ìgbà wà nínú wọn, tó ń gbé wọn kọjá níbi tí irin kẹta bá ti já. Láàárín 1967 sí 1968, wọ́n mú mẹ́wàá nínú wọn lọ sí Crewe, wọ́n ki ẹ́ńjìnnì Paxman alágbára ẹṣin 650 bọ inú wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ ìdarí ìgbàlódé kún un, wọ́n sì fi ẹ̀rọ àtijọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Agbára wọn lórí iná ju ti Class 73 lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, nígbà tí 1977 sì fi máa parí, gbogbo wọn ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Class 73 tó ṣáájú wọn dé ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti 1984 títí di 2005, òun ló ń ti, tó sì ń fa ọkọ̀ Gatwick Express láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti pápákọ̀ òfurufú. Lóde òní, àwọn kan nínú wọn tí wọ́n fún ní ẹ́ńjìnnì tuntun alágbára ẹṣin 1,600 ń fa ọkọ̀ asùnmọ́jú lọ sí Fort William àti Inverness ní àríwá Scotland, níbi tí irin kẹta kò sí rárá. Iye ibi tí nǹkan ti lè já nínú ẹ̀rọ ló ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó, Class 73 sì fi ìyẹn hàn mí.

Nígbà tí mo wá mọ iṣẹ́ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí àwọn ìlú mìíràn ṣe ṣe tiwọn. Ní New York, èéfín ọkọ̀ eléèdú nínú ihò abẹ́ Park Avenue ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kìíní 1902, ọkọ̀ kan kọlu èkejì níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ. Òfin wá lé ọkọ̀ eléèdú kúrò nínú Manhattan láti 1908. Èyí ló fà á tí wọ́n fi kọ́ 60 nínú irú tí wọ́n ń pè ní FL9 láàárín 1956 sí 1960. Díísù ni wọ́n ń lò láti òkèèrè wá, irin kẹta ni wọ́n sì ń lò wọ Grand Central. Fítà tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù lọ síbẹ̀ ní láti tún ojú rẹ̀ kọ́: orí irin kẹta ni bàtà tiwa ń gùn, abẹ́ rẹ̀ ni tiwọn ń gbà kàn án. Ní South Africa, wọ́n kọ́ 50 Class 38-000 ní ìlú Nigel láàárín 1992 sí 1993. Wọ́n ń gba iná 3,000 fólítì láti ara wáyà òkè, wọ́n sì ń lo díísù tiwọn ní ìkángun ọ̀nà tí wáyà kò dé.

Ọkọ̀ tuntun ti ń lo wáyà 25,000 fólítì báyìí. Class 88, tí wọ́n kọ́ ní Valencia ní Sípéènì, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017, ní agbára 4,000 kílówáàtì lábẹ́ wáyà àti 700 lórí díísù. Ẹ wò ó bí ìṣirò àtijọ́ yẹn ṣe dúró síbẹ̀: èyí tó tóbi fún ojú ọ̀nà gbangba, èyí tó kéré fún ìkángun rẹ̀. Class 93 tó tẹ̀lé e ti fi bátìrì ńlá ṣe agbára kẹta, tó lè ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ tàbí kó dá gbé ọkọ̀ rìn nínú àgbàlá láìsí èéfín. Bátìrì ló yẹ kí a bẹ̀rù jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A lè pa ẹ́ńjìnnì, a lè gé wáyà, ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú bátìrì kì í lọ níbì kankan. Yíyà á sọ́tọ̀ nìkan la lè ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ́ láti máa bèèrè ibi tí agbára wà kó tó nawọ́ ti ní ohun tí yóò fi bá a gbé.

Mo ń kọ èyí pẹ̀lú Èkó lọ́kàn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò láàárín Marina àti Mile 2, iná irin kẹta ló sì ń lò. Láti oṣù Kẹwàá 2024 ni Red Line ti ń kó èrò láàárín Agbádó àti Òyìngbò, díísù ló sì ń jẹ. Ìlú kan náà ti ní agbára méjèèjì. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má ṣe pín àwọn ọmọ iṣẹ́ sí méjì, kí ti iná má mọ díísù, kí ti díísù má mọ iná. Kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń wọn iná àti bí a ṣe ń rí i dájú pé kò sí mọ́, nítorí àṣìṣe ibẹ̀ kò ní àtúnṣe. Kí ó kọ́ ẹ́ńjìnnì díísù lẹ́yìn náà, pẹ̀lú etí àti ọwọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n kọ́ ọ ní ibi tí méjèèjì ti ń pàdé. Ọdún púpọ̀ ni yóò gbà á, owó sì ni yóò gbà, ṣùgbọ́n ìlú tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní máa dúró de oníṣẹ́ láti òkè òkun lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ kan ṣoṣo gba ojú irin méjèèjì kọjá.